Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Inú Oko?



Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ yóò bá, bí ìtàn kò bá sí lákọsílẹ̀, tí àwọn tí ó lè pa àrọ́bá sì ti lọ tán? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa gbé kálámù lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré inú oko ni a sì ń rò nígbà tí a ń bèèrè rẹ̀.

Bí a bá bi wá léèrè ìgbà tí a dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńláńlá ilẹ̀ wa sílẹ̀, a ó dáhùn láìfi àkókò ṣòfò. A mọ̀ pé ní 1859 ni a ṣí ilé-ẹ̀kọ́ gíramà ti C.M.S. ní Èkó, a mọ̀ pé ní 1896 ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. A sì mọ̀ pé ní 1905 ni a dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi wá pé, “Ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá mẹ́ta tí ó wà ní oko bàbá yín ńkọ́? Ta ni ó mọ ògiri rẹ̀? Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe olùkọ́ níbẹ̀? Ọmọ mélòó ni ó jókòó ní ọjọ́ àkọ́kọ́?” ẹnu wa yóò wọhò.

Èrò wa ni pé àìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ inú oko ní ìtàn. Ìtàn náà ń kú lọ lójú wa. Bí olùkọ́ kò bá sì kọ ọ́, kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ ọ́.

BÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ṢE DÉ OKO

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwé tí àwọn oníwàásù kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, Àgbádárìgì ni ó wà. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1842. Nígbà tí ó di 1843, William de Graft àti aya rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni ó jẹ́ ọmọ àwọn tí ó ti Sàró padà wá sílé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ní 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kúdẹtì. Àwọn ará ìlú ń ṣọ́ra. Wọn kò mọ ohun tí ìwé yóò sọ ọmọ wọn dà. Olóyè Olúńlọ́yọ̀ ni ó gbà láti fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sí abẹ́ ìtọ́jú aya òyìnbó náà.

Ọmọ méjì péré láti inú ilé olóyè kan! Bí ó bá jẹ́ iye ọmọ ni a fi ń díwọ̀n ìtàn, Kúdẹtì kì bá tí ní ìtàn kankan ní ọjọ́ náà. Báwo ni a ṣe wá mọ orúkọ àwọn ọmọ méjèèjì di òní? A mọ̀ ọ́n nítorí pé Anna Hinderer jẹ́ obìnrin tí ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ará ilé rẹ̀, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí sínú ìwé tirẹ̀. Ó kú ní 1870. A kó àwọn ìwé náà jọ, a sì tẹ̀ wọ́n jáde ní 1872. Kì í ṣe títóbi ni ó mú kí Kúdẹtì wà nínú ìtàn, kíkọ ni.

Láti ìlú ni ilé-ẹ̀kọ́ ti rìn dé oko. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun tú ká ní ibùdó Kírìjì ní 1893, ọ̀nà là, àwọn tí ogun ti fọ́n káàkiri padà sí ilẹ̀ wọn, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jìnnà sínú igbó láti gbin kòkó. Àwọn kan nínú wọn ti kọ́ ìwé kíkà ní ìlú, wọ́n sì kó Bíbélì àti ìwé ABD dání lọ sí oko. Ní ọjọ́ Ìsinmi wọn a pe àwọn ọmọdé jọ sí abẹ́ igi. Láìpẹ́ àwọn ará oko yóò ránṣẹ́ sí olùṣọ́-àgùntàn ìjọ ní ìlú pé àwọn ń fẹ́ olùkọ́. Ìdáhùn tí wọn a máa gbà ni pé, “Ẹ kọ́ ilé ná, kí ẹ sì wá ibi tí olùkọ́ yóò sùn.”

Nígbà náà ni wọn a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ọkùnrin a po amọ̀, wọn a mọ ògiri. Àwọn obìnrin a pọn omi, wọn a se oúnjẹ. Àwọn ọmọdé a ru koríko bẹẹrẹ tàbí ewé tí a ó fi bo orí ilé. Ilé kan náà ni a ń lò fún ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi àti fún ìwé ní ọjọ́ Ajé. Katikíìsì tí ó ń ka Bíbélì fún àwọn àgbà ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD. Iṣu, epo àti àgbàdo wà lára owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé kíkà méjì lè wà fún ọmọ mẹ́wàá. Síléètì ni a ń kọ̀wé sí, itọ́ ni ọmọ aláìgbọràn sì fi ń pa á rẹ́ nígbà tí olùkọ́ kò bá wò ó. Irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí a so rọ̀ sára igi di agogo, gbogbo oko sì ń fi ìró rẹ̀ mọ àkókò.

ÀWỌN TÍ Ó GBÉ E RÓ

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtàn ẹ̀kọ́, òfin àti orúkọ àwọn aláṣẹ ni a sábà máa ń kà. Ó yẹ kí a kà wọ́n. Ní 1922 ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn jáde lórí ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà, wọ́n sì wí pé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ jìnnà sí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn wọn. Ní 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé ìlànà tirẹ̀ jáde. Ní 1926 òfin ẹ̀kọ́ titun dé ní gúúsù Nàìjíríà: orúkọ olùkọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìjọba kí ó tó lè kọ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè ṣí ilé-ẹ̀kọ́ titun láìgba àṣẹ.

Òfin náà dára, nítorí àwọn kan wà tí ń pe ara wọn ní olùkọ́ tí wọn kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òfin yìí láti ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ inú oko. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá dé ojú ìwọ̀n ìjọba ni a ń fún ní ìrànlọ́wọ́ owó. Èyí tí kò bá dé ojú ìwọ̀n, àwọn ará oko ni yóò máa bọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ oko ni kò ju Sítáńdáàdì Kejì tàbí Ìkẹrin lọ. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kà á dé Sítáńdáàdì Kẹfà yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì lọ gbé lọ́dọ̀ ìbátan ní ìlú, tàbí kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀ lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ní oko ní ọjọ́ wọ̀nyí lè má ní ìwé-ẹ̀rí kankan. Ó lè jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Sítáńdáàdì Kẹfà, tí ó ń kọ́ kíláàsì mẹ́ta nínú yàrá kan ṣoṣo, tí ó ń ka ìwé tirẹ̀ lójú fìtílà ní alẹ́ kí ó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. A kò kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ńlá. Síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá ńlá wa ti kọ́kọ́ mọ lẹ́tà orúkọ ara wọn. A ń ṣe ilé-ẹ̀kọ́ gíga lórí ìpìlẹ̀ tí ó fi lélẹ̀. Ǹjẹ́ ó bójú mu kí a gbàgbé rẹ̀ bí ẹni pé kò wáyé rí?

ỌDÚN TÍ FÍRÍÌ DÉ

Ọdún kan wà tí kò sí oko tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba náà, Olóyè S. O. Awókọ̀yà sì ni ó gbé ètò náà kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Mínísítà fún ọ̀ràn ẹ̀kọ́. Ní 1954, ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà jẹ́ 456,600. Ní 1955 wọ́n di 811,432. Ẹ̀kọ́ tí ó ń gba ọdún mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ ni a sì dín kù sí ọdún mẹ́fà.

Ó rọrùn láti ka iye yìí lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò pé ẹ jẹ́ olùkọ́ ní oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ tí ẹ ti ń kọ́ kò tó ogójì. Àwọn tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ju wọ́n lọ. Níbo ni wọn yóò jókòó? Ta ni yóò kọ́ wọn? Ìjọba fúnni ní owó, lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kì í po amọ̀. Àwọn ará oko ni ó tún bẹ ọ̀wẹ̀, tí wọ́n gé igi, tí wọ́n fi kún ilé. Àwọn olùkọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wọn ni ó dúró níwájú kíláàsì nítorí kò sí ẹlòmíràn. Àwọn kan bú ètò náà pé ó ti yára jù, pé ìmọ̀ yóò lọ sílẹ̀. Àwọn mìíràn wí pé ó sàn kí ọmọ mọ díẹ̀ ju kí ó má mọ nǹkan kan lọ. Ìjà ọ̀rọ̀ yìí kò tíì parí láàárín àwọn tí ń kọ ìwé. Ṣùgbọ́n a kò lè dá ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa bí a kò bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: ọmọ mélòó ni ó wọlé, mélòó ni ó kà á parí, àwọn wo ni ó padà sí oko, kí ni ó sì fà á. Ìdáhùn wà nínú ìwé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, àti ní ẹnu àwọn tí ó jókòó lórí àga náà.

Ẹ sì kíyèsí èyí: ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún tí Fíríì dé ti ń súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí. Bí a bá dúró pẹ́, òkú ni a ó máa bi léèrè.

BÍ ÌTÀN ṢE Ń KÚ LỌ

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní 1970, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gba àkóso ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1976 ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò Nàìjíríà. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn yí padà. Olùkọ́ àgbà kan lọ, òmíràn dé. Ọ̀nà ọkọ̀ wọ oko, àwọn ọ̀dọ́ sì gba ọ̀nà náà lọ sí ìlú, wọ́n kó ọmọ wọn lọ. Ní ibòmíràn, ọmọ dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pa ilé-ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọmọ bá kó lọ, àpótí ìwé a máa ṣẹ́kù sẹ́yìn, ikán a sì di olùkọ́ àgbà.

Nígbà tí a lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní abúlé kan, a bèèrè fún ìwé orúkọ àkọ́kọ́. Olùkọ́ àgbà, ẹni tí ó gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀, ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún wa. Èèpo ẹ̀yìn ìwé náà nìkan ni ó kù; inú rẹ̀ ti di erùpẹ̀. A bèèrè ọdún tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ọdún kan ni a kọ sára ògiri, ọdún mìíràn ni a kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Àwa pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ jiyàn títí. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní ọdún méjèèjì tọ̀nà: ọ̀kan ni ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi ọdán, èkejì ni ọdún tí a kọ́ ilé onípáànù. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tí ó gé igi àjà, àwọn tí ó ru páànù láti ojú ọ̀nà ọkọ̀, àti àwọn ìyá tí ó se ẹ̀bà fún wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ náà tí ó wà nínú ìwé kankan. Wọ́n wà nínú orí bàbá kan ṣoṣo.

ÈRÈ WO NI Ó WÀ NÍBẸ̀?

Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ni a ó fi orúkọ àwọn tí ó ru páànù ṣe? Ìdáhùn wa jẹ́ mẹ́ta.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ohun-ìní ni. Láti ìgbà dé ìgbà ni àríyànjiyàn ń dìde lórí ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́: ìjọ ni, tàbí ìjọba? Ní 2001 ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan padà fún àwọn tí ó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọ àti ìjọba bá ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn ará oko tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì fi èjìká ru yẹpẹ̀, ìwé wo ni wọ́n ní? Àkọsílẹ̀ olùkọ́ lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn.

Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni. Àwọn olùkọ́ wa ń kọ́ wa pé kí a mú ọmọ láti inú ohun tí ó mọ̀ lọ sí ohun tí kò mọ̀. Ìtàn wo ni ó súnmọ́ ọmọ ju ti ilé tí ó jókòó sí lọ? Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ìyá ìyá òun ni ó pọn omi tí a fi po amọ̀ ògiri yìí kì yóò fi èédú ba ògiri náà jẹ́. Láti ibẹ̀ ni yóò ti lóye ohun tí òfin 1926 jẹ́, àti ohun tí 1955 jẹ́, nítorí yóò rí i bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ kan ilé tirẹ̀.

Lọ́nà kẹta, ọ̀rọ̀ iyì iṣẹ́ wa ni. Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó kọ ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Kí Samuel Johnson tó di àlùfáà, olùkọ́ ni. Láti 1863 sí 1865 ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí C.M.S. fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà ó kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn. Ó rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ mọ ìtàn Róòmù àti ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ti ilé wọn. Ó bi àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà léèrè, ó kọ ohun tí wọ́n sọ, ó sì parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ì bá tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901 láìrí ìwé rẹ̀. Ọlá pé àwọn ìwé kéékèèké tí ó kọ́kọ́ kọ ohun tí ó gbọ́ sí kò sọnù ni Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, fi lè tún un kọ. Ní 1916 ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé iṣẹ́ titun náà tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Ìgbà tí ó di 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́ nínú èyí: pé olùkọ́ ilé-ìwé lè gba odindi ìran kan lọ́wọ́ ìgbàgbé, àti pé ohun tí ó bá wà níbì kan ṣoṣo lè sọnù.

Ẹ tún wo ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lásán ni lójú ẹni tí ń kọjá lọ. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, láti 1970. Àwọn amòye ìlú òkèèrè mọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà títí di òní, nítorí pé a kọ ohun tí a ṣe níbẹ̀ sílẹ̀, lọ́dún dé ọdún. Ta ni ó mọ iye olùkọ́ inú oko tí ó ti ṣe ohun dáradára kan, tí kò kọ ọ́, tí ó sì bá a wọ ilẹ̀ lọ?

ÌTÀN KÌ Í ṢE ORÍKÌ

A fẹ́ kìlọ̀ fún ara wa nípa ohun kan. Bí a bá kọ ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ láti fi yin ín nìkan, a kò kọ ìtàn. Oríkì ni a kì. Ilé-ẹ̀kọ́ inú oko ní àléébù. Pàṣán sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn olùkọ́ kan wà tí oko wọn mọ́ tónítóní nítorí pé àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó ń ro ó. Nígbà tí ìkórè kòkó bá dé, ìjókòó a ṣófo. Nígbà tí ẹbí bá sì ní láti yan ọmọ tí yóò ka ìwé, ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi sílẹ̀ láti gbé ọmọ ìyá rẹ̀ pọ̀n. Ìwé orúkọ yóò fi gbogbo èyí hàn bí a bá mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ka iye orúkọ ọmọbìnrin ní ojú-ewé àkọ́kọ́, kí ẹ kà á ní ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ wo oṣù tí àmì àìwá pọ̀ jù. Àwọn nǹkan wọ̀nyí yóò sọ ohun tí ẹnu àgbà kò fẹ́ sọ.

Àwọn mìíràn yóò wí pé iṣẹ́ olùkọ́ ti pọ̀ tó, owó rẹ̀ kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ má tún di ẹrù òpìtàn lé e. A gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ńlá ni a ń bèèrè. Ojú-ewé mẹ́wàá tí a fi òtítọ́ kọ tó fún ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Ẹni tí ó lè múra ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lè kọ ojú-ewé mẹ́wàá láàárín ọdún kan.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Èkíní, kí olùkọ́ wá àwọn ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní: ìwé ìgbàwọlé, rẹ́jísítà, ìwé àwọn àlejò, àti ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ń pè ní log book. Kí ó kó wọn kúrò nílẹ̀, kí ó nù wọ́n, kí ó sì da àwọn ojú-ewé tí ó ti gbó kọ kí wọ́n tó fọ́.

Èkejì, kí ó tọ àwọn àgbà lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í ṣe bí ọlọ́pàá. Bí bàbá kan kò bá rántí ọdún, ẹ má ṣe fi ọdún sí i lẹ́nu. Ẹ bi í pé, ṣé kí Fíríì tó dé ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé ìgbà Wẹ́tìẹ̀ ní 1965 sí 1966 ni? Ṣé ìgbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968 sí 1969 ni? Ṣé ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972? Ṣé pọ́n-ùn ni a fi san owó páànù náà ni, tàbí Náírà tí ó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973? Báyìí ni ọdún yóò fi jáde fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a bi àwọn ìyá léèrè pẹ̀lú. Àwọn ọkùnrin a máa rántí ẹni tí ó ṣe alága ìpàdé. Àwọn obìnrin a máa rántí ẹni tí ó ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ̀rí méjì bá takora, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀, kí a sì sọ ẹnu ẹni tí a ti gbọ́ wọn. Ọdún méjì tí kò bára mu lè tọ̀nà pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní abúlé tí a sọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe fi í síbì kan ṣoṣo. Kí ẹ̀dà kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí ìjọ, kí ọ̀kan sì wà ní ilé ìkàwé wa níhìn-ín.

Ní ti àwa tí a wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n jẹ́ kí olúkúlùkù akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń lọ fún ìdánrawò ní oko mú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà bọ̀, ìbáà ṣe ojú-ewé méjì. Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn yìí ni pé kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú wọn nínú ìtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ni pé, nígbà tí a bá rán yín lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ oníyàrá mẹ́ta tí ó jìnnà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀, ẹ má ṣe fi ojú ìyà wò ó. Àwọn kan fẹ́ràn ìwé tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi po amọ̀ fún ọmọ tí kò tíì bí wọn. Ẹ bèèrè orúkọ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó lè dáhùn ṣì wà láàyè.